Ayùn Ńlá Tí Apá Mi Ò Ká

Ẹ bá mi lọ pa jẹnẹrétọ̀ yẹn ná. Bó bá ń ké báyẹn, ohùn ara mi gan-an ni mi ò ní gbọ́, ẹ̀yin náà á sì máa mi orí bí ẹni tó gbọ́, bẹ́ẹ̀ ẹ ò gbọ́ nǹkan kan. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ súnmọ́ mi.

Ẹ ní kí n sọ bí ibí ṣe rí kí ilé tó bo gbogbo rẹ̀. Ibi tí ẹ jókòó sí yìí, ẹ̀gẹ́ ló wà níbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò lọ́hùn-ún, àbàtà ni, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo gbìn sétí rẹ̀. Igbó-Ẹlẹ́rin tí ṣọ́ọ̀bù ti fara kan ṣọ́ọ̀bù yìí, igbó ni lóòótọ́ nígbà yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò fojú kan erin níbẹ̀ rí. Ọ̀yà ni mo rí, àti ejò. Bí ẹ bá dúró ní títì Àgbádárìgì tí ẹ wo apá Ìbà, òrùlé ẹ́sítéètì nìkan lẹ máa rí, ewé ni gbogbo ìyókù. Ẹni tó bá sọ nígbà náà pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí èèyàn á máa fi mọ́tò gbé ẹ̀fọ́ wá tà ní Òkókómáíkò, a ó ní orí rẹ̀ ò pé.

Mo ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ẹrù gbígbé ní èbúté Àpápá nígbà náà. Àwọn onílẹ̀ yọ ilẹ̀ fún mi ní Ìbà kí n máa dáko, mo sì ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún wọn. Ilẹ̀ náà ò tóbi. Bí mo bá dúró ní ìpẹ̀kun kan tí mo pe ìyá yín àgbà ní ìpẹ̀kun kejì, á dá mi lóhùn láìpariwo. Ẹ̀gẹ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀, torí iṣẹ́ gàrí ni ìyá yín àgbà ń ṣe. Ìyá Dúpẹ́ ni gbogbo ayé ń pè é. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń yan gàrí, agbada mẹ́ta lórí iná, obìnrin mẹ́ta nídìí wọn, igbá ń họ ìsàlẹ̀ agbada ràà-ràà-ràà. Iná yẹn ló ń jẹ igi. Igi tí ọkùnrin kan bá là láti àárọ̀ dọ̀sán, iná gàrí á jẹ ẹ́ tán kí oòrùn tó wọ̀.

Láàárọ̀, bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ láti apá òkun, a máa ń gbọ́ fèrè àwọn ológun ojú omi láti Navy Town. Fèrè yẹn ni aago wa. Bó bá ti dákẹ́, àáké á bẹ̀rẹ̀: gbì, gbì, gbì, lóko tibí, lóko tọ̀hún. Ẹni tó bá létí á mọ ẹni tó ń gégi láìrí i. Ará Ègùn kan wà lápá àbàtà tó máa ń gé e lẹ́ẹ̀mẹta, á dákẹ́ díẹ̀ kọrin, á tún gé e lẹ́ẹ̀mẹta. Bí a ò bá gbọ́ àáké rẹ̀ fún ọjọ́ méjì, a máa ń rán èèyàn lọ wò ó. Lónìí, ẹni tó wà ní yàrá kejì lè dùbúlẹ̀ àìsàn fún ọ̀sẹ̀ kan, a ò ní mọ̀ àfi tó bá kọ ọ́ sórí fóònù.

Ẹ̀yin mọ Múfútáù, bàbá Ìsẹ́yìn tó máa ń gbé ẹran Iléyá wá síbí lọ́dọọdún. Ẹ ti ń rí i tó ń tiro láti ìgbà tí wọ́n ti bí yín. Ẹ máa ń sín in jẹ lẹ́yìn, ẹ rò pé mi ò rí yín. Kò sẹ́ni tó sọ fún yín rí ohun tó ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀. Èmi ni. Mo fẹ́ sọ ọ́ kí n tó kú, torí bí mi ò bá sọ ọ́, òun ò ní sọ ọ́ láéláé.

Ayùn ẹlẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ tí mo ní, ọkùnrin kan tí wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ kúrò ní Navy Town ló tà á fún mi. Kékeré ni. Irin gbọọrọ tí ṣéènì rẹ̀ ń sáré yí ká ò gùn ju ìgbọ̀nwọ́ mi dé orí ìka lọ. A sọ ọ́ ní Ẹ̀gà, ẹ mọ bí ẹyẹ yẹn ṣe máa ń pariwo lórí ọ̀pẹ. Ẹ ó po òróró ẹ́ńjìnnì mọ́ pẹtiróòlù fún un. Bí ẹ bá gbàgbé òróró, á kú mọ́ yín lọ́wọ́. Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ ó fi fáìlì pọ́n eyín ṣéènì rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Fún oko bíi tèmi, ó tó. Ó ń gé ẹ̀ka, ó ń gé igi tó nípọn tó itan, ó ń gé igi ìdáná sí wẹ́wẹ́. Ẹni tó lóko kékeré, ayùn tí apá rẹ̀ lè gbé láti àárọ̀ dọ̀sán ló yẹ ẹ́, kì í ṣe èyí tí àdúgbò máa wá wò. Ọgbọ́n òní ni mo ń sọ yẹn o. Mi ò ní in nígbà náà.

Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa ló sọ Ẹ̀gà di gbajúmọ̀. Aláṣọ funfun ni wá, ẹ sì mọ̀ pé a kì í wọ bàtà nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní kí n wá gé òpó tí wọ́n máa fi ṣe àtíbàbà ìkórè. Mo wọ sùtánà mi, mo bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, mo fa okùn ayùn. Ẹ fojú inú wò ó: àgbàlagbà nínú aṣọ funfun, láìwọ bàtà, ayùn ń ké lọ́wọ́ rẹ̀, òróró dúdú ń ta sí i láyà. Àwọn akọrin tó ń dánrawò dákẹ́, àwọn ọmọdé sá sẹ́yìn ìyá wọn. Ìyá Dúpẹ́ fọ sùtánà yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, òróró náà ò kúrò. Mo wọ̀ ọ́ ṣe ìkórè tòun ti àbàwọ́n, mo sì ń yangàn. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pè mí ní Bàbá Aláyùn, orúkọ yẹn sì wọ̀ mí lórí ju bó ṣe yẹ lọ.

Múfútáù ló ń bá mi ṣiṣẹ́. Agégi ni látilẹ̀, ó ti ní ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta, iṣẹ́ náà sì yé e jù mí lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ilé Múfú ti pọ̀ jù. Bí mo bá ní kó jókòó, á ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá," á sì wà lórí ìdúró. Bí mo bá gé igi, tí kò sì dáa tó, á ní igi náà ni kò gbọ́ràn. Tó bá jẹ́ pé mo sọ fún un pé òṣùpá ló ń ràn lọ́sàn-án, á gbé ojú sókè, á ní, "Ẹ ò rí i bó ṣe mọ́lẹ̀, Bàbá."

Kò pẹ́ sí i ni ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Bí mo bá ti lo Ẹ̀gà fún bíi wákàtí kan, ìka mi á kú, orí wọn á sì funfun, mi ò ní mọ̀ bóyá nǹkan wà lọ́wọ́ mi tàbí kò sí. Ẹrù tí mo rù ní èbúté fún ọ̀pọ̀ ọdún ti kọ́kọ́ ba èjìká mi jẹ́, ayùn wá gba ìyókù. Ife tíì bọ́ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kan, ó fọ́. Ó bọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó fọ́. Mo ní ọṣẹ tí wọ́n fi fọ̀ ọ́ ló ń yọ̀. Ìyá Dúpẹ́ lọ sọ́jà, ó ra ife páànù fún mi. Gbogbo ilé rí i. Mo mọ̀ pé wọ́n rí i. Ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀, èmi náà ò sì bi wọ́n.

Igi mángòrò méjì kan wà láàárín oko, àtijọ́àtijọ́, tí kò so mọ́. Òjìji wọn ò jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ ta. Àwọn onílẹ̀ ní kí n gé wọn, kí n sì fi igi rẹ̀ dáná. Mo gbé Ẹ̀gà tì wọ́n. Ó kígbe títí, ó rú èéfín, ṣéènì rẹ̀ gbóná débi pé itọ́ ń hó lórí rẹ̀, ojú ibi tó jẹ kò sì ju ibi tí ẹ lè ki àtẹ́lẹwọ́ bọ̀ lọ. Mo bá sọ fún Múfú pé ó tán, èyí tó lágbára ni mo máa lọ rà.

Múfú họ orí. Ó ní, "Igi méjì péré náà ni, Bàbá. A lè pe àwọn alápákó kí wọ́n wá bá wa gé e, kí wọ́n mú pákó díẹ̀ nínú ẹ̀."

Mo ní, "Ṣé èmi Bàbá Aláyùn ni màá pe aláyùn?"

Ó ní, "Ó tì o, Bàbá. Òótọ́ lẹ sọ."

Nígbà tí mo délé, Ìyá Dúpẹ́ bu omi fún mi, ó ní, "Bàbá Dúpẹ́, ẹni tó fẹ́ jẹ abọ́ ọbẹ̀ kan, ṣé odindi màlúù ló máa ń rà ni?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ọ̀rọ̀ yẹn dùn, mo sì jẹ oúnjẹ mi.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, nínú ìsìn, ẹ̀mí gbé aríran kan, sísítà tí kò tíì tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ó yí lọ yí bọ̀, ó dìde, ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì. Ó ní, "Bàbá kan wà láàárín wa tó ní irin tó ń ké. Mo rí irin kan tó jù ú lọ, ó ń bọ̀. Kí Bàbá náà wo apá rẹ̀ dáadáa kó tó gbà á."

Gbogbo ìjọ yí ojú sí mi. Mo na ọwọ́ méjèèjì sókè, mo ní, "Àmín!"

Ohun tó yé mi ni pé àwọn ọ̀tá ti ń dojú ìjà kọ apá mi nítorí ayùn tuntun tó ń bọ̀. Kí ló tún kù? Ṣé wọ́n á fẹ́ kí n ga jù wọ́n lọ ni? Mo gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Mo tan àbẹ́là méje, mo fi òróró ìyàsímímọ́ ra èjìká dé ọmọ ìka. Ní ọjọ́ kẹta mo gbé apá sókè, mo rí i pé ó fúyẹ́. Ebi ló jẹ́ kó fúyẹ́, ẹ̀yin ọmọ mi, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ nígbà náà. Mo ní ìṣẹ́gun ti dé. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo ní kí Múfú tẹ̀ lé mi lọ sí Alábà.

Oníṣọ́ọ̀bù náà, ọmọ Ìbò ni, ó ń fi àkísà nu eruku kúrò lára àwọn ẹ̀rọ tó tò sílẹ̀. Ayùn mẹ́ta ló gbé kalẹ̀: kékeré bíi Ẹ̀gà, àárín, àti ńlá kan tí irin rẹ̀ gùn tó ẹsẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ó ní kí n gbé wọn wò. Mo gbé ti àárín, ó wà lọ́wọ́ mi jẹ́jẹ́. Mo gbé ńlá náà, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mo sì fún eyín pọ̀ kí ẹnikẹ́ni má mọ̀.

Ọkùnrin náà wo ọwọ́ mi, ó wo ojú mi. Ó ní, "Baba, dis one don heavy pass you. See as your hand dey shake. For small farm, carry di middle one."

Inú bí mi débi pé ojú mi ṣú. Mo ní ṣé ó mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ ni, ṣé bí wọ́n ṣe ń bá bàbá wọn sọ̀rọ̀ nílé nìyẹn. Mo yíjú sí Múfú. "Múfú, ìwọ lo mọ iṣẹ́. Èwo ló dáa?"

Múfú wo ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù náà bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. "Èyí tí ọkàn yín bá fẹ́ náà ló dáa, Bàbá."

Mo ra ńlá.

Ẹ jẹ́ kí n yà síbì kan kí n tó gbàgbé. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ tán, mo gbé ayùn náà padà tọ ọkùnrin yẹn lọ. Mo rò pé á fi mí ṣẹ̀sín. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbà á, ó gbé ti àárín fún mi, ó sì fi bébà nu orí rẹ̀ kó tó nà án sí mi. Ayùn àárín yẹn ló ṣiṣẹ́ lóko wa títí ilé fi dé bá a. Ó ń gé gbogbo ohun tí a ní. Àwọn ẹlòmíràn ló ń gbé e, èmi kàn ń po epo rẹ̀ ni.

Ọjọ́ tí a máa gé igi mángòrò, àwọn aládùúgbò wá wòran, torí ohùn ayùn ńlá náà dé ọ̀dọ̀ wọn. Igi àkọ́kọ́ ò tó ogún ìṣẹ́jú. Mo gé ẹnu sí i níhà ibi tí a fẹ́ kó wó sí, mo lọ sẹ́yìn, mo ti ayùn bọ̀ ọ́, Múfú ń fa okùn tí a so mọ́ ọn lókè. Ó dún gbàgà, ó wó lulẹ̀, eruku bò wá. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo kígbe, mo ní, "Múfú, ṣé o rí i?"

"Mo rí i, Bàbá." Lẹ́yìn náà ló ní, "Oúnjẹ ti délẹ̀ o. Ẹ ò ṣe jẹ́ ká fi ìkejì sílẹ̀ di ọ̀la, ká lè tún ṣéènì yẹn pọ́n?"

Ṣéènì náà mú. Òun náà mọ̀ pé ó mú. Àwọn ìka mi ti kú láti ìdajì igi àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n àtẹ́wọ́ ṣì wà létí mi. Mo ní kó di okùn mú.

Mo ti gé ìkejì dé àárín nígbà tí apá mi bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Múfú rí i. Kò sọ pé kí n gbé e sílẹ̀. Ó fi okùn sílẹ̀, ó wá sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ gbá èèrún igi kúrò lẹ́sẹ̀ mi, bẹ́ẹ̀ ìdí ayùn ló fẹ́ fi ọwọ́ gbé fún mi kí àwọn èèyàn má mọ̀. Ìgbà yẹn ni igi fún irin mọ́ra. Ayùn ta padà. Ọwọ́ mi ṣí, mi ò sì mọ̀ pé ó ṣí, torí mi ò mọ̀ ọ́n lára. Ojúgun Múfú ló bọ́ lé.

Ìyá Dúpẹ́ fi ìborùn rẹ̀ di ẹsẹ̀ náà. Mọ́tò tó wá ra gàrí ló gbé wa dé ọsibítù. Nínú mọ́tò, ẹ̀jẹ̀ ń jáde lára Múfú, ó sì ń sọ fún mi pé, "Ẹ kú ewu, Bàbá. Ẹ kú ewu." Èmi tí nǹkan kan ò ṣe.

Wọn ò gé ẹsẹ̀ náà. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n dókítà sọ pé kò ní gùn bákan náà mọ́ pẹ̀lú èkejì, kò sì ní lè gun igi mọ́ láyé. Ojoojúmọ́ ni mo ń lọ jókòó tì í. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Ìyá Dúpẹ́ gbé oúnjẹ wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò lè pa ìbéèrè tó wà lọ́kàn mi mọ́ra mọ́.

Mo ní, "Múfú, lọ́jọ́ tí a lọ sí Alábà, nígbà tí ọkùnrin yẹn sọ̀rọ̀, kí lo rí?"

"Bàbá, ọ̀rọ̀ ti kọjá."

"Mo ní kí lo rí?"

Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ọwọ́ yín ń gbọ̀n, Bàbá. Ẹ má bínú. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rí i."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

Ó ní, "A sọ fún yín, Bàbá. Ẹ má bínú. Èmi ni mo lọ bá Ìyá, mo ní kí wọ́n má jẹ́ kí ẹ ra èyí tó tóbi. Ìyá ní àwọn ò lè sọ ọ́ lójú yín, ni wọ́n bá lọ bẹ sísítà yẹn kó bá wa fọgbọ́n sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi Mùsùlùmí, mo dúró sídìí fèrèsé lọ́jọ́ Sọ́ńdè yẹn kí n lè mọ̀ bóyá ẹ gbọ́. Mo gbọ́ tí ẹ ní àmín."

Mo wo ẹnu ọ̀nà. Ìyá Dúpẹ́ ń wo ilẹ̀.

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Wọ́n sọ àbọ̀ fún mi lóko, wọ́n sọ ọ́ nílé, wọ́n gbé e dé iwájú pẹpẹ, mo sì fi gba ààwẹ̀. Àwọn èèyàn wọ̀nyí fẹ́ràn mi. Wọ́n ń bẹ̀rù mi ju bí wọ́n ṣe fẹ́ràn mi lọ, èmi ni mo sì kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ bọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn.

Mo di ọwọ́ Múfú mú. Mo ní, "Láti òní lọ, odindi ni kó o máa sọ fún mi. Bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí. Sọ pé èmi ni mo ṣe ẹ́ léṣe, torí mi ò gbọ́ràn. Sọ ọ́ lójú mi, má sì bẹ̀ mí."

Ó wò mí. Ó la ẹnu, ó pa á dé. Ó tún là á lẹ́ẹ̀kejì, omi sì dé ojú rẹ̀.

"Ẹ má bínú, Bàbá," ló wí. "Mi ò lè sọ ọ́."